Iye Pé

Ọgbọ̀n hóró ni wọ́n kà fún mi lórí káńtà
nílé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi,
wọ́n rọ ọ́ sínú ike kékeré olómọrí.
Nọ́ọ̀sì ní, "Má máa gbé e hàn kiri."
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò jí oògùn arómọléegun?

Níbi tí a ti ń ṣa kájú lọ́nà Ìlọrin,
ìṣó kan náà ni gbogbo wa ń fi báàgì kọ́.
Ọláòtán ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ń ro mí,
ẹ bù mí lẹ́yọ kan nínú tiyín."
Mo ní oògùn kì í ṣe ẹ̀pà.
Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ike ti dorí kodò,
hóró mẹ́ta ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.
N kò pariwo. Ta ni n óò mú?
Ènìyàn mẹ́tàlá, ìṣó kan.

Mo kó wọn wálé. Mo ní ilé ni ààbò.
Mo fi wọ́n sínú agolo mílíìkì lẹ́yìn dígí,
àràárọ̀ ni mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ka òròmọdìẹ:
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lónìí,
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́tùnla.
Iye pé. Mo sùn.

Àfi òru ọjọ́ ọyẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
tí òtútù wọ orúnkún mi bí onílé tó wá gba owó ilé.
Mo gbé kan mì. Mo dúró.
Aago méjì lù. Mo tún gbé kan.
Ìrora jókòó tì mí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àtẹ́lẹwọ́:
lẹ́tà tí n kò mọ̀ rí ló wà lára hóró.
Panadó ni.
Panadó lásán-làsàn, tí ẹnìkan fi sùúrù pààrọ̀,
ọ̀kan fún ọ̀kan,
kí iye má baà dín.

Àwòdì ò sí lókè.
Abẹ́ òrùlé ló wà, a jọ ń fọwọ́ bọ àwo kan náà.
Gbádébọ̀, àbúrò mi,
tí mo fi eegun tó ń ro mí yìí pọ̀n dàgbà,
ló ti ń sùn títí ọ̀sán láti ọjọ́ mélòó kan,
tó ń họ imú, tójú rẹ̀ ń lọ bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀.
Èmi rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi.
Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe èébú.
Tọjọ́ kan ni kó o máa mú lọ síbi iṣẹ́, kó wà lára rẹ.
Kó o sì mú ọmọ náà wá.
Olè tó jí èyí, ara tiẹ̀ náà ò yá."

Mo ra àpótí onírin ní Tákíè, mo ra àgádágodo,
mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi.
Hóró kan ṣoṣo ni mò ń dì sí etí ìró lọ ṣa kájú.
Báàgì mi ṣì ń fì lórí ìṣó:
ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀, ẹni ebi ń pa kó mú un.

Lálẹ́ àná, àgádágodo dún: kẹ́.
Gbádébọ̀ yíjú sógiri.
Mo bu ọbẹ̀, mo gbé àwo sáàárín wa.
Ó pẹ́ kó tó ní, "Ṣé ẹ ti kà wọ́n?"
Mo ní, "Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."
Ó fọwọ́ bọ àwo. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.
Aago méje àárọ̀ ọ̀la,
àwa méjèèjì la jọ ń lọ.