Òrùka Tó Gan

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni mo rà á ní Ìsinkàn
lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta rédíò àlòkù
àti ẹsẹ̀ àga. Ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó ní,
"Bàbá ńlá lẹ́ńsì nìyí. Jámánì ló ṣe é."
Kò sọ fún mi pé ọrùn bàbá ńlá ti gan.

Mo yí i sọ́tùn-ún, ó kọ̀.
Mo yí i sósì, ó kọ̀.
Òrùka tó yẹ kó máa yọ̀ bí ilá
dúró gbagidi bí ìdérí ìgò oyin
tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọdún mẹ́ta.
Mo fi eyín sí i (ẹ má sọ fún Bàbá Fátúyì).
Mo fi pílọ́ọ̀sì dì í mú. Kò yí;
ó kàn bó díẹ̀ lára,
àpá náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni, ọyẹ́ ti gba Àkúrẹ́,
epo pupa dì sínú kẹ́ẹ̀gì.
Ìyá mi ò lù ú, kò gbọ̀n ọ́n,
ó gbé e sójú oòrùn, ó lọ ṣa ẹ̀wà.
Mo wo epo. Mo wo lẹ́ńsì.
Mo ki í bọ abíyá, mo sàba lé e bí àgbébọ̀ adìẹ.
Lẹ́yìn wákàtí kan, ó yí ní ìwọ̀n èékánná,
ó tún dúró.

Bàbá Fátúyì tó ń tún aago ṣe ní Arákalẹ̀
gbé e sétí, bí ẹni pé ó lè lù kì-kì.
"Gíríìsì inú rẹ̀ ti darúgbó, ó ti di ìda.
A kì í bá arúgbó jìjàkadì."
Ó tú skrúù mẹ́ta tí kò tó orí èèrà,
ó kó wọn sínú ìdérí agolo mílíìkì.
Kó tó fa òrùka méjèèjì yọ lára wọn,
ó mú abẹ́, ó fa ìlà kan la àwọn méjèèjì kọjá.
"Ibi tí wọ́n ti pínyà nìyí.
Ẹnu ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n ní.
Bí wọ́n bá gba èyí tí kì í ṣe tiwọn wọlé,
wọn á di ara wọn mú dáadáa,
ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ọ̀ọ́kán mọ́."
Lẹ́ńsì ló ń sọ.
Èmi tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ mi gbọ̀n:
mo rántí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ọ̀rẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fa ìlà.

Pẹtiróòlù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó.
Omi tó jáde dúdú bí omi àgbo,
nǹkan funfun kan léfòó lórí rẹ̀.
Bàbá gbóòórùn rẹ̀. "Páúdà," ó ní.
Nínú ìdérí lẹ́ńsì, ẹnìkan ti fi ìṣó kọ ọ́:
Akíndóyin, Òkè-Lísà, Oǹdó.

Ìgbà náà ni mo tó wo àwọn nọ́ńbà rẹ̀.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti pa rẹ́ pátápátá.
Ṣùgbọ́n mẹ́jọ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí ń ṣọ́ ọ̀nà jíjìn,
ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún.
Pasipọ́ọ̀tù. Ogójì ọdún pasipọ́ọ̀tù!
Bẹ́ǹṣì kan, aṣọ funfun kan lẹ́yìn,
ọmọ tó fẹ́ wọ girama, tíṣà, opó tó ń wá owó ìfẹ̀yìntì ọkọ,
gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin.
Ọkùnrin náà ò fi í wo òkè rí.

Mo gbé e dé Òkè Àrò nírọ̀lẹ́.
Ó ń yí wọ́ọ́rọ́ báyìí.
Àwọn òkè ọ̀nà Ìdànrè jáde látinú kùrukùru, gaara,
mo sì pariwo bí òmùgọ̀.
Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dá a padà,
nígbà tó dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó dúró, kíún,
bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, "Gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín."

Bàbá ní kí n gbé e padà wá, òun á yọ ìyẹn náà.
Mo ní kó fi sílẹ̀.
Mo gbé àpótí kan síwájú ògiri,
mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ́n,
mo pe ìyá mi kó wá jókòó.