Òru Àkọ́kọ́ ní Mọ́ńtíríálì

Dẹ́rẹ́bà takisí ní, ṣé ìsinmi lẹ wá lò?
Rógbà ní ó tì, ọmọ la wá mú.
Ó dín eré kù
bí ẹni pé ọmọ ọ̀hún ti ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, mo tú àpótí:
ìwé ilé ẹjọ́, èdìdì mẹ́ta,
súwẹ́tà tí ìyá ọkọ mi hun n'Ílá
lọ́dún tí a kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé.
Ọmọ ọdún kan ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.
Odẹ́tì ti lé ní mẹ́ta,
Faransé ló ń fọ̀.

Yìnyín ìlú yìí ń bọ́,
kò dún bíi tilé lórí páànù.
Rógbà ti sùn.
Mo fa apá súwẹ́tà,
mo tún fà á.