Irinwó ó dín mẹ́ta

Sátidé ìsinmi àárín táàmù ni.
Ọkọ mi ti ṣèlérí, ó ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta:
epo ò sí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dún, ìpàdé ẹbí.
Lọ́jọ́ náà kò rí àwáwí kankan mú jáde.
A di ìrẹsì sínú kúlà, a ka ẹyin sísè méje,
mọ́ínmọ́ín eléwé ń gbóná sí itan ẹni tó gbé e.
Màmá Òkè-Àró ló kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀,
ó ti wọ kánfáàsì tí kò gba ẹsẹ̀ ọmọ mi mọ́.
"Màmá, òkè là ń lọ o."
"Èmi náà mọ̀. Ẹ wa ọkọ̀."

A gba ọ̀nà Ìdànrè. Kòkó wà ní sísá lẹ́bàá títì,
òórùn rẹ̀ bí ọtí tó sùn mọ́jú gba ojú fèrèsé wọlé.
Morádéun fọwọ́ di imú, Màmá fà á símú
bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.
Lẹ́yìn Aládé ni òkè dìde.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́.
Akínlàjà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ní:
"Ta ló kó gbogbo ẹ̀ jọ?"

Ó fẹ́ ka àtẹ̀gùn, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fẹ́ fi kà á.
Màmá ní, "Òkè yìí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kà á kó yé e."
Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta.
Ó dé ẹ̀rìnlá, ó dúró, ẹsẹ̀ kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀.
"Ẹ̀ẹ́dógún," Màmá wí. "Ogún ó dín márùn-ún."
"A ò tíì dé ogún, Màmá.
Báwo la ṣe ń yọ kúrò lára ohun tí a ò tíì ní?"
Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí:
"Ibi tí à ń lọ la fi ń kà, ọmọ mi.
Tó bá kù díẹ̀ kéèyàn dé, ojú á ti débẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀."

Ọgbọ̀n. Ogójì. Àádọ́ta.
Ní ọgọ́rùn-ún, orúnkún ọkọ mi ń dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.
Ní igba, ó jókòó, ó ní òun ń wo bí ilẹ̀ ṣe rẹwà.
A gbà bẹ́ẹ̀ fún un.
Ilẹ̀ náà sì rẹwà lóòótọ́: páànù ìlú tó ti dípẹtà nísàlẹ̀,
igbó dúdú, èéfín ẹnìkan tó ń dáná oko,
òfàfà kan ní pàlàpálá àpáta, ó ń wò wá
bí onílé tí kò retí àlejò.

A tún gbéra. Morádéun ti bọ́ bàtà, ó gbé e kọ́rùn.
Màmá ń mí, ó ń kà. Ọ̀ọ́dúnrún.
Ìgbà tí a ó fi súnmọ́ irinwó, ojú ọ̀run ti ṣú
láti apá Oǹdó wá. Atẹ́gùn gba fìlà ọkọ mi,
fìlà fò, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
Òjò ò bá wa dúnàá-dúrà.

"Irinwó ó dín mẹ́ta!" Akínlàjà kígbe.
"Ẹ jẹ́ ká kúkú parí mẹ́ta yìí!"
Àpáta ti ń yọ̀ bí ilá. Ọkọ mi di Màmá mú lápá,
Màmá náà dì í mú; n ò mọ ẹni tó mú ẹnì kejì sọ̀kalẹ̀.
"Fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀ níbẹ̀," Màmá wí, "kò sẹ́ni tí yóò jí i."

Inú ọkọ̀ la ti jẹun, gíláàsì ṣú, aṣọ ń kán,
ìrẹsì ti tutù, ẹyin kan fọ́ sábẹ́ ìdí ẹnìkan
tí kò jẹ́wọ́ títí dòní.
A rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì.
A ò dé ààfin àtijọ́ tó wà lókè,
a ò rí ohunkóhun tí àwọn èèyàn ń lọ wò.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Àkúrẹ́, iná ò sí.
Màmá ti sùn, omi kún kánfáàsì rẹ̀ bí abọ́.
Akínlàjà nìkan ló bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, lórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa:
ọ̀kan, òmíràn, òmíràn.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Irinwó," ló wí, jẹ́jẹ́, fún ara rẹ̀.

Mo lọ wá tọ́ọ̀ṣì. Ẹrẹ̀ Ìdànrè wà lára gbogbo nǹkan.