Orógbó Kò Láwẹ́

Kì í ṣe igi tí à ń rí lókèèrè.
Ìrókò ló máa ń yọrí, bí ẹni tó ni ìlú;
orógbó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú ìbòòji,
ewé rẹ̀ dúdú minimini,
kò wọ́wé lọ́yẹ́, kò wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn.

Ìyá àgbà mi, Ìbídùn ọmọ Fásuyì, ará Ìsẹ̀-Èkìtì,
kì í pe ibẹ̀ ní igbó. "Ulé" ló ń pè é.
Á gbé agbọ̀n lérí, á fi àkàrà méjì sápò,
á ní kí n máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀.
Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.
A kì í gun orógbó, à ń dúró dè é ni.
Ó pẹ́. Gbì!
Ó tún dákẹ́.
Èso kan ti bọ́, ó pọ́n bí ọsàn,
oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi níka títí di ọjọ́ kejì.

Obì láwẹ́; èèyàn lè pín in.
Orógbó kò láwẹ́. Ìyá ní ìdí tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn:
bó bá jẹ́ tìẹ, tìẹ ni,
tòun ti kíkorò rẹ̀.

Mo gbin ọ̀kan sínú agolo mílíìkì.
Oṣù mẹ́ta, kò hù. Mo hú u wò.
Ìyá gbá mi lọ́wọ́:
"Ta ló ń jí ẹni tó ń sùn
láti bi í bóyá ó ti sùn?"
Mo gbàgbé agolo. Mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Adó.

Ọdún kejì ni ẹ̀rọ ìrẹ́gi wọ etí odò.
Wọ́n gbé ìrókò, wọ́n gbé ọ̀mọ̀, wọ́n gbé ọ̀gànwó,
tírélà ń ké lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lóru.
Wọn ò fọwọ́ kan orógbó. Kò tó pákó.
Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ fún oòrùn,
igi tí kò mọ oòrùn rí.

Ìgbà tí a sin Ìyá tán ni mo lọ wò ó.
Ewé òkè rẹ̀ ti jó.
Ìnàkí tó ń bá a gbé irúgbìn kiri ti lọ.
Mo jókòó sídìí rẹ̀, mo ń jẹ orógbó tí mo rà ní Adó,
n kò mọ igi tó so ó.

Lẹ́yìn ilé ìdáná Ìyá, agolo ti dípẹtà,
ìdí rẹ̀ ti là.
Nǹkan kan wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka àárín mi lọ,
ewé méjì, dúdú minimini,
nínú ìbòòji ògiri.

N kò hú u wò.