Ìwé Àlejò

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ ládùúgbò wa,
ní Leeds, níbi tí òjò kì í ti í dágbére fún ènìyàn.
Wọ́n fi ọ̀dà funfun la etí títì sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì,
wọ́n gbé pátákó kọ́ òpó lọ́rùn:
onílé tó ní ìwé nìkan,
láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Mo rántí èyí tí bàbá mi fi ọ̀dà pupa kọ sára ilé ní Iléṣà:
Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀.
Wọ́n ní ògiri létí. Tilé wa tún lẹ́nu.

Mo kọ̀wé sí káńsù.
Àwọn ará ibí, bí wọ́n bá fẹ́ gbá ọ létí,
wọn á kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.
Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní ìwé ọkọ̀ mi ṣì ń gbé ní Bradford,
èmi ti kó wá, ìwé kò tíì kó,
kí n ṣe sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́,
tí mò ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń délé.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹni tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì, Ọláníyọnu ni wọ́n kọ sí i láyà.
Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."
Ó wò yíká, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."
Inú mi dùn, mo ti fẹ́ bi í pé ọmọ ibo ni.
Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ti ya fọ́tò.
Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá."
Ó fi ọ̀rá bo ìwé náà kí òjò má baà rẹ ẹ́,
ó rọra lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì bí ẹni ń di egbò.

Màmá Pickersgill, tí ilé wa jọ fara ti ara,
rí wa láti ojú fèrèsé.
Ó wọ sílípáàsì jáde sínú òjò,
ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, ìwé àlejò,
ogún ojú-ewé, wọn ò tíì họ ọ̀kan.
Káńsù ló fi ránṣẹ́ sí i
kí ọmọ àti ìbátan lè rí ibi gúnlẹ̀ sí.
"Gbà. Kò sẹ́ni tó ń yà lọ́dọ̀ mi."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé mílíìkì ti tán.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi owó wẹ́wẹ́ họ ọjọ́,
mo họ oṣù, mo họ wákàtí,
bí a ti ń họ káàdì fóònù nígbà kan.
Eruku fàdákà kún abẹ́ èékánná mi.
Mo di àlejò níwájú ilé tí mò ń san owó rẹ̀,
àlejò ìyá tí n kò bá mu omi rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, owó dúró lọ́wọ́ mi.
Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ hàn kedere:
ẹni tó ni ọkọ̀ yìí wá kí onílé.
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti pa irọ́ yẹn.
Oorun ń kùn mí, ẹsẹ̀ mi wú.
Mo họ ọ́. Mo lọ kanlẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kó tó ṣí i; kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni.
"Ṣé ìwé ti tán ni?"
Mo ní rárá, mà. Mo wá ni.

Ife méjì ló gbé kalẹ̀. Ìkejì ti gba eruku,
ó fi etí aṣọ nù ún.
Níta, Ọláníyọnu bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀ mi, ó ka ìwé,
ó gbójú sókè, ó rí wa, ó kọjá lọ.
Màmá bi mí pé ṣúgà mélòó.
Mo ní mẹ́ta.
Ó ní mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń lọ sùn.