Ajá Oníwo

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé
fún ìgbìmọ̀ ìlú wa, ní àríwá Finland,
níbi tí oòrùn ti ń gbàgbé ilé nígbà òtútù.
“A ṣí ìpàdé ní aago méje. Alága kí gbogbo ènìyàn káàbọ̀.”
Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi í sínú fáìlì.
Eku nìkan ló kà á.

Nígbà tí mo pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta
mo lọ kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ọ̀rọ̀
lọ́dọ̀ Torsti, tí tàdáwà kì í kúrò ní àtàǹpàkò rẹ̀.
Ó lẹ bébà mọ́ ògiri, ó gùn ju ọkọ̀ apẹja lọ.
Ó ní, “Àwọ̀ mẹ́ta ti tó.
Ẹni tó bá ní mẹ́wàá, ìdérí ni yóò máa ṣí títí ilẹ̀ ó fi ṣú.”
Ó kọ́ mi ní ènìyàn: ìlà márùn-ún, orí kan.
“Má wá imú. Kò sẹ́ni tó ń fi imú sọ̀rọ̀.”

Ó wá fi aṣọ dì mí lójú, ó tan rédíò.
Ojú ọjọ́. Yìnyín. Iye ẹja lọ́jà.
Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó tú mi. “Kí lo rí?”
Mo ní, “Kí ni mo fẹ́ rí? Ìwọ lo dì mí lójú.”
Ó ní, “Máa lọ sílé. Padà wá lọ́la.”
Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ọkọ̀ kan
tó ń yí imú padà sí èbúté, láìkó ẹja.
Ó ní, “Ẹ̀n-hẹ́n. Etí ló ń ya àwòrán,
ọwọ́ kàn ń jíṣẹ́ ni.”

Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá bébà ni koríko
tí a lè sáré tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù kọkànlá, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́.
Ilé-iṣẹ́ bébà fẹ́ kógbá sílé.
Bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é,
wọ́n gé e fún mi lára ìdì tó gbẹ̀yìn:
ara olóògbé ni mo fẹ́ fi kọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú rẹ̀.

Alága sọ̀rọ̀ owó;
mo ya àkàbà tí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ.
Sylvi sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kó lọ sí gúúsù;
mo ya ìlẹ̀kùn, mo ya bàtà tí ẹnu wọn kọ síta.
Ẹnìkan dárúkọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín. Mo yà á.
Ọmọ kan kígbe níwájú: “Ajá!”
Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín.
Mo fi ìwo kún un. Ó di ajá oníwo.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oiva dìde. Ọdún méjìlélógójì nídìí ẹ̀rọ.
Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú. Ó yanu.
Aago ògiri ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.
Ó pa ẹnu dé, ó jókòó.

Láyé àtijọ́, ǹ bá ti fò ó kọjá:
ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò wá sípàdé.
Ọwọ́ mi dúró lókè, péènì ń gbẹ.
Kí la fi ń ya ohun tí ènìyàn gbé mì?
Mo fa ìlà yí àyè kan ká, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì,
n ò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.
Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́.

Nígbà tí a parí, wọ́n ń fi fóònù ya ògiri,
oníkálukú ń wá ara rẹ̀.
Sylvi bi mí ìdí tí irun òun fi jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Oiva ló wá gbẹ̀yìn, ó ti wọ kóòtù rẹ̀.
Kò wo àwòrán. Ó fi ìka méjì mú etí bébà,
ó ń fi wọ́n bára wọn ra díẹ̀díẹ̀.
Ó ní, “Iṣẹ́ òru lèyí. Apá òsì fẹ́lẹ́ díẹ̀.”
Mo bi í bóyá kí n kọ ìyẹn sínú àyè rẹ̀.
Ó ní kí n fi í sílẹ̀.
Ó bá mi ká bébà náà,
láti apá òsì, jẹ́jẹ́.