Láti Ìwòpin, Pẹ̀lú Àjẹ̀

Ọkọ̀ onímọ́tò ń hó létí èbúté Ìwòpin,
ọmọkùnrin tó ń pe èrò fi jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn kọ́ èjìká:
"Mákùn-Omi! Ẹ wọlé, kò ní pẹ́! Ẹnìkan ló kù!"
Èmi ni ẹnìkan náà. N ò wọlé.

Mo ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ Òdùnúgà,
odindi igi ìrókò kan tí bàbá rẹ̀ gbẹ́
lọ́dún tí wọ́n pa pọ́n-ùn dà sí náírà.
Wọ́n ti fi ọ̀dà àti páànù lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́rin.
Mo kà á, nítorí níbi karùn-ún ni omi ti ń wọlé.
"Gba igbá," ó ní. "Èrò tó bá bá mi lọ, iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe."
A ti ná owó ọkọ̀ kí oòrùn tó là:
mo pè é ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó ní mẹ́rin,
a pàdé ní mẹ́ta àti gàárì kóńgò kan.
Ìjẹ̀bú ni àwa méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bínú.

Àjẹ̀ kan omi. Ó sinmi. Ó tún kàn án.
Èbúté kò sá lẹ́yìn wa,
ó ń lọ bí àlejò tó mọ ìwà hù,
tó ń dágbére lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìde.

Nínú àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde
búlúù lásán ni gbogbo ibí yìí,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lórúkọ kankan nínú.
Òdùnúgà fi àjẹ̀ nàka, omi ń kán lára rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀:
"Ibi tó dúdú yẹn ni Ibú Ìkòkò.
Ìkòkò irin ìyàwó Ṣówẹ̀mímọ́ ló rì síbẹ̀
tòun ti ìkọ́kọrẹ́ inú rẹ̀.
Ibi tó ń wú bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, iyanrìn ni.
Erékùṣù tọ̀hún, ewúrẹ́ Ọ̀nàfuwà nìkan ló kù níbẹ̀.
Ṣé ò ń kọ ọ́?"
Mo ń kọ ọ́.
"Kọ ọ́ dáadáa. Ìkòkò náà ní ìdérí."

Onímọ́tò ré wa kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé wa, ó sọ̀ wá,
gàárì mi dà sómi, ẹja kò tilẹ̀ jẹ ẹ́.
Nígbà tó yá mo rí i tó ń bọ̀ padà,
ó ti já èrò, ó ti kó òmíràn.
N ò ní purọ́: mo jowú wọn.
Oòrùn ti jókòó sí mi lórí, ẹ̀yìn ń ro mí,
òṣíbàtà dí ọ̀nà, a fọwọ́ yà á ní ewé kọ̀ọ̀kan.

Láàárín ìgèrè méjì tí ẹnìkan dẹ sí,
Òdùnúgà gbé àjẹ̀ sórí itan.
Ọkọ̀ dúró.
"Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"
"Abíọ́nà."
Ọjọ́ gbogbo ni mo ti rò pé ọ̀nà títì ni,
pé bóyá lórí ọkọ̀ ẹrù kan ní Ìbíadé.
"Ibí ni," ó ní. "Ọkọ̀ yìí ni. Bàbá mi ló ń tù ú.
Èmi ni mo di àtùpà mú, mo kọjú sápá ibòmíràn,
ọmọ ọdún méje ni mí, ìtìjú ń ṣe mí."

Mo wo ibẹ̀ títí. Omi ni.
Kò yàtọ̀ sí omi tó ṣáájú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀lé e.
Lékelèke kan bà lórí ọ̀pá ìgèrè, ó wò wá,
ó wo ibòmíràn.
Mo fẹ́ ti ọwọ́ bọ omi náà, kí n sọ nǹkan kan,
ṣùgbọ́n ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀.

"Igbá," ni Òdùnúgà wí, ó sì mú àjẹ̀.
Mo tẹ̀ ba, mo ń gbọ́n ọn.